Ooru là ń rà, ìrìn là ń fẹ́

Nínú gbogbo owó tí mo ti ná sórí epo bẹntiróòlù láyé mi, ooru ni mo fi èyí tó pọ̀ jù rà. Kì í ṣe àwàdà. Ẹ dúró síwájú mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn dé, kí ẹ na ọwọ́ sókè bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, ẹ ó rí ibi tí owó gbà lọ. Rẹdiétọ̀, fáànù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, omi tó ń yí po inú ẹ́ńjìnì, páìpù sàílẹ́ńsà láti iwájú dé ẹ̀yìn: torí kí wọ́n lè bá wa kó ooru tí a ti sanwó rẹ̀ dànù ni a ṣe ṣe gbogbo wọn. Ohun tí a fẹ́ gan-an, ìyẹn kí táyà yí, kékeré ló jẹ́ nínú ìṣirò náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, kì í sì í ṣe nítorí owó nìkan. Ẹ̀rọ tó ń gbé wa kiri lójoojúmọ́, tó ń tan iná fún wa, tó ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé wa lóru, ìwọ̀nba nínú wa ló mọ ohun tó ń ṣe. "Ó ń jó epo" ni ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́. Sítóòfù kẹrosíìnì náà ń jó epo, kò sì gbé ẹnikẹ́ni dé Òṣogbo rí. Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ́ńjìnì, fífún ni: kí ó fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kí iná tó ràn, kí ó sì há iná náà mọ́ títí yóò fi ti nǹkan kí ó tó ráyè sá lọ. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ lórí ẹ́ńjìnì, òun nìyẹn. Ìyókù àlàyé ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ohun tí a ń rà ti tó. Lítà epo kan kò wúwo tó kílò kan. Bíi 740 gíráàmù ni. Síbẹ̀ agbára tó wà nínú rẹ̀ tó mẹ́gájúùlù 32 tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá ń ra iná sórí mítà yóò tètè mọ̀ ọ́n bí mo bá sọ ọ́ báyìí: ó tó bíi yúnítì 9. Alágbára ọkùnrin tó bá fi ọkọ́ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ tí iṣan ara rẹ̀ ṣe lórí ilẹ̀ yẹn, díẹ̀ ló fi ju ìdajì yúnítì kan lọ. Agbára inú lítà kan nìyẹn tó iṣẹ́ alágbàṣe kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà dé nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, èmi náà bá wọn kùn, mo sì kùn dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí alágbàṣe tí ẹ lè fún ní iye yẹn pé kí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì bá yín ti mọ́tò.

Àmọ́ yúnítì 9 yẹn, kí ẹ́ńjìnì tó fọwọ́ kàn án ni. Mọ́tò tó ń sáré geere lójú ọ̀nà tó dára lè sọ bíi 2 sí 2 àbọ̀ nínú rẹ̀ di ìyípo. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ta, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà ní bákónì ẹni, bó bá mú yúnítì kan jáde nínú lítà kan, kí a dúpẹ́.

Ibo ni agbára náà ti wá? Epo bẹntiróòlù jẹ́ àdàlù oríṣiríṣi mólékù tí kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn so pọ̀ ṣe. Oòrùn ayé àtijọ́ ló tọ́jú agbára sínú wọn, nípasẹ̀ àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ inú òkun tó kú tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí ni afẹ́fẹ́. Kílò epo kan ń fẹ́ kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kí ó tó lè jó tán. Bí a bá sọ ọ́ di lítà, lítà epo kan ń gbé nǹkan bí 9,000 lítà afẹ́fẹ́ mì. Tí a bá ní kí mọ́tò máa gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ rìn bó ṣe ń gbé epo, kì bá sí ibi tí èrò yóò jókòó sí. Ìdí rèé tí fítà afẹ́fẹ́ tó ti dí fi máa ń sọ mọ́tò di arúgbó lójijì.

Ohun tó ń jáde náà wúwo ju ohun tó wọlé láti inú táńkì lọ, nítorí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti so mọ́ ọn. 740 gíráàmù epo yóò di nǹkan bí kílò 2.3 kábọ́ọ̀nù dáíọ́sáìdì, yóò sì tún di omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Bẹ́ẹ̀ ni, omi. Ẹ da lítà epo kan sínú táńkì, lítà omi kan yóò gba sàílẹ́ńsà jáde. Oru ni ó máa ń jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, a kì í sì í rí i. Láàárọ̀ ọyẹ́, tí páìpù ṣì tutù, ó máa ń kán tó tó tó sílẹ̀. Mo mọ ẹni tó tìtorí omi yìí sáré gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì, pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ẹ bá mi bẹ irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ kí ó má gba owó.

Epo tó ṣì wà ní omi kì í jó; oru rẹ̀ tó bá gbéra ni iná ń mú. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ fọ́n ọn wẹ́wẹ́ kí ó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Nínú ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀, kábúrétọ̀ ló ń ṣe é: ó ní ọ̀nà tóóró kan ní ọrùn, bí afẹ́fẹ́ bá dé ibẹ̀, yóò sáré, bó bá sì ti ń sáré, agbára tó fi ń ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà yóò dínkù, epo yóò wá gba ihò jẹ́ẹ̀tì fò sókè bá a. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà. Mọ́tò òde òní ti jáwọ́ nínú rẹ̀, ńsúlù tí kọ̀ǹpútà ń darí ló ń fọ́n epo fún wọn. Àmọ́ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ bí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ náà ṣe rí. Á tú púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí i, á wò ó. Bó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Bó bá funfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, ẹ́ńjìnì yóò sì máa gbóná. Àwọ̀ búráùn díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ rí.

Ó wá ku ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Iná tó bá jó ní gbangba kò ti nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ tó gbóná yóò ràn lọ sókè, sósì, sọ́tùn-ún, yúnítì 9 yóò bá a lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe ẹ́ńjìnì tó ń jó nǹkan nínú sìlíńdà tí ó sì rí i tà dáadáa ni Étienne Lenoir, ní Paris, ní 1860. Gáàsì èédú, èyí tí wọ́n fi ń tan iná ìgboro nígbà náà, ni ẹ́ńjìnì tirẹ̀ ń lò. Písítìnì, ìyẹn irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sìlíńdà náà, yóò fa gáàsì àti afẹ́fẹ́ wọlé títí dé àárín ọ̀nà, iná yóò ta, yóò sì ti písítìnì parí ìrìn rẹ̀. Kò fún nǹkan kan pọ̀ kí iná tó ràn. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àwọn ènìyàn rà á, ṣùgbọ́n ọ̀bùn ni nídìí gáàsì: ohun tó ń sọ di iṣẹ́ kò ju nǹkan bí 5 lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọkùnrin tó yí eré padà kì í ṣe ẹnjiníà rárá. Ọlọ́jà ni Nikolaus Otto, ó ń ti ìlú dé ìlú ta ọjà oúnjẹ ní ilẹ̀ Jámánì kí ọ̀rọ̀ Lenoir tó gba ọkàn rẹ̀. Ní 1876, ní Deutz lẹ́bàá Cologne, ó parí ẹ́ńjìnì tí gbogbo mọ́tò bẹntiróòlù ṣì ń tẹ̀lé títí dòní. Písítìnì sọ̀kalẹ̀, ó fa àdàlù wọlé. Ó gòkè, ó fún un pọ̀. Púlọ́ọ̀gì ta iná, ooru tì í sọ̀kalẹ̀ tipátipá. Ó tún gòkè, ó lé èéfín jáde. Nínú ìrìn mẹ́rin, ẹyọ kan ló ń mówó wọlé, mẹ́ta ń náwó. Ará Faransé kan, Alphonse Beau de Rochas, ti kọ ọ̀nà mẹ́rin yìí sílẹ̀ láti 1862, kò kàn ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Nígbà tó di 1886, èyí ni wọ́n fi wọ́gi lé ìwé ẹ̀tọ́ tí Otto gbà pé òun nìkan ló ni ín. Lọ́dún yẹn kan náà, Karl Benz gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo ẹ́ńjìnì ìrìn mẹ́rin. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, kò gba àyè lọ́wọ́ ọkọ, ó wà á láti Mannheim dé Pforzheim, ọ̀nà tó tó 100 kìlómítà. Ilé apòògùn ní Wiesloch ló ti ra epo, nítorí ilé epo kò tíì sí láyé. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, abẹ́rẹ́ tó fi ń de fìlà mọ́ orí ló fi là á. Èmi ò mọ ìdí tí ìtàn yìí kò fi sí nínú gbogbo ìwé kíkà àwọn ọmọ wa.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí fífún fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ó jọ ìwà òmùgọ̀. A fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tì wá, àwa ló tún kọ́kọ́ ń ti afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá rọra fa okùn jẹnẹrétọ̀ yóò ti mọ ibi tó ti máa ń le koko bíi pé nǹkan dì í mú nínú. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì ń fún ni. Ọ̀gá mẹkáníìkì àdúgbò wa kì í lo gééjì. Á tú púlọ́ọ̀gì, á fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, á ní kí ọmọṣẹ́ yí ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá gbá ìka rẹ̀ kúrò, "kọ̀ǹpùrẹ́ṣọ̀n wà." Bí kò bá gbá a, ríìngì ara písítìnì ti jẹ tàbí fáàfù, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó ń gbà jáde, kò pàdé mọ́, kí oníbàárà lọ wá owó.

Ìdí rẹ̀ nìyí, kí ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti písítìnì máa ń tutù bó ṣe ń tì í. Ooru tó pàdánù yẹn kò lọ síbì kankan mìíràn, òun gan-an ló di ìrìn. Bí a bá ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà fẹ̀ tó kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a ó rí gbà nínú ooru rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Ìlọ́po mélòó ló sì lè fẹ̀? Ìlọ́po tí a ti fún un ni, nítorí ọ̀nà kan náà ni písítìnì ń gbà lọ tí ó ń gbà bọ̀. Tí a bá fún un dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò fẹ̀, lẹ́yìn náà fáàfù yóò ṣí, tí yóò jáde tòun ti ooru tó kù lára rẹ̀. Tí a bá fún un dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, yóò ṣiṣẹ́ pẹ́ kí ó tó jáde, yóò sì tutù sí i kí ó tó jáde. Ìṣirò orí ìwé ni pé ìfún mẹ́rin kò lè sọ ju 43 lọ nínú 100 di iṣẹ́. Mẹ́jọ lè dé 56. Mẹ́wàá lè dé 60. Nínú ẹ́ńjìnì tòótọ́, bí ìdajì èyí là ń rí, ṣùgbọ́n ìtẹ̀síwájú náà kò yí padà: ẹni tó bá lè fún jù ló ń rí jẹ jù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ń dẹ́rù bani. Nígbà tí iná bá ràn, inú sìlíńdà gbóná ju 2,000 dígírì lọ. Alúmíníọ̀mù tí a fi ṣe písítìnì ń yọ́ ní 660. Ó yẹ kí ó ti ṣàn lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó gbà á ni pé ooru náà kì í pẹ́, afẹ́fẹ́ tútù tuntun ń wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kíá, omi àti ọ́ìlì sì ń kó èyí tó bá ráyè wọ irin lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, ìtì orí písítìnì lè tó 50 bárù, èyí tó ju ti inú táyà yín lọ ní ìlọ́po 20 ó lé. Písítìnì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 yóò gba ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ sórí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìwọ̀n Corolla méjì, tí yóò sì tún máa gbà á léraléra láìsinmi.

Báwo ni ó ti ń yá tó? Iná wa ní Nàìjíríà ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kó má baà ba fíríìjì jẹ́. Lórí ìyára yìí, písítìnì ń lo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá láti òkè dé ilẹ̀. Iná náà kì í bú gbàmù lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn ènìyàn ti ń rò. Ó ń rìn láti ẹnu púlọ́ọ̀gì lọ sí ògiri, ó sì ń gba àkókò. Tí púlọ́ọ̀gì bá dúró di ìgbà tí písítìnì dé òkè pátápátá kó tó ta iná, yóò ti sọ̀kalẹ̀ jìnnà kí iná tó parí iṣẹ́. Nítorí náà, ó máa ń ta á ṣáájú, nígbà tí písítìnì ṣì ń gòkè bọ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní táímìnì. Bó bá yá jù, iná yóò máa gbá písítìnì lójú; bó bá pẹ́ jù, sàílẹ́ńsà yóò pọ́n, mọ́tò kò sì ní lè gun òkè.

Òkè àti ilẹ̀ nìkan ni písítìnì mọ̀. Táyà ló ń fẹ́ yíyí. Kíráǹkì ló ń bá wọn parí rẹ̀, ó sì rí gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́: orúnkún ń lọ sókè sódò, pẹ́dà ń yí. Ẹni tó ti wa kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé tí pẹ́dà bá wà ní òkè téńté, ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kíráǹkì. Ohun tó ń gbé e kọjá ibẹ̀ ni fúláíwììlì, irin wúwo tó ti ń yí tẹ́lẹ̀ tí kò sì fẹ́ dúró. Òun náà ló ń gbé písítìnì la ìrìn mẹ́ta tí kò mú owó wọlé kọjá. Ìdí tí ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù kò fi lè dá ara rẹ̀ gbé dìde nìyí. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ fún un, ìbáà ṣe sítátà, ẹsẹ̀ ọlọ́kadà, tàbí apá ọmọ tí wọ́n rán pé kí ó lọ fa okùn. Bí ó bá sì ti gbéra tán, kò lè dúró mọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa yí, ó gbọ́dọ̀ máa mu epo, kódà bí ẹ kò bá lọ síbì kankan. Kílọ́ọ̀ṣì àti jíà wà nítorí àléébù yìí.

Ìyókù ooru wá ńkọ́? Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ń bá èéfín jáde ní sàílẹ́ńsà. Òmíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ń gba ara irin bọ́ sínú omi rẹdiétọ̀. Díẹ̀ ń lọ sí ríìngì tó ń ha ògiri, bẹ́líìtì, pọ́ǹpù ọ́ìlì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnì tún ń jà láti fa afẹ́fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tí ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa, nítorí ẹsẹ̀ yín kò sí lórí tọ̀rọ́tù. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn òyìnbó mọ ẹ́ńjìnì tí kì í fi ooru ṣòfò, wọ́n kàn fi pamọ́ kí epo lè máa tà ni. Kò sí irú rẹ̀. Ní 1824, ọ̀dọ́ ẹnjiníà ológun ilẹ̀ Faransé kan, Sadi Carnot, fi hàn pé ooru kò lè ṣiṣẹ́ àfi bó bá ń ti ibi gbígbóná bọ́ sí ibi títutù, tí apá kan nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ láìṣe iṣẹ́. Ẹ́ńjìnì tó ń lo oru omi gbígbóná ló ń rò nígbà yẹn, àmọ́ òfin náà mú gbogbo wọn. Àwọn ẹ́ńjìnì tuntun Toyota kan ti dé 40 nínú 100. Ilé iṣẹ́ Mercedes kéde ní 2017 pé ẹ́ńjìnì ìdíje Formula 1 àwọn kọjá 50 lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, owó tí wọ́n sì ná sórí rẹ̀ kì í ṣe owó tí ẹnì kan fi ń ra mọ́tò lọ síbi iṣẹ́.

Bí fífún bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò fún un ní ìlọ́po 20? Epo ni kò gbà. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún máa ń gbóná, bí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ti ń gbóná lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹ́ táyà. Tí a bá fún àdàlù epo jù, igun kan tí iná púlọ́ọ̀gì kò tíì dé yóò fúnra rẹ̀ gbiná lójijì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí gan-an ló ń bú. Ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ lu páànù, kẹ̀n-kẹ̀n-kẹ̀n, pàápàá tí mọ́tò bá kún fún èrò tó sì ń gun òkè lórí jíà gíga. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó pẹ́, yóò lu ihò sórí písítìnì. Nọ́ńbà ọ́kítéènì tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ epo ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, 91 tàbí 95, kò sọ bí agbára epo ti pọ̀ tó. Ohun tó ń sọ ni bí a ti lè fún un tó kó tó bínú. Nítorí náà, ẹni tó bá ra epo olówó gọbọi sínú mọ́tò tí kò fún nǹkan kan tayọ, ọlá ló ń ṣe, mọ́tò rẹ̀ kò mọ̀.

Orí fífún yìí ni ìyà ńlá kan ti jẹ aráyé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1921, Thomas Midgley àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Dayton, ní Amẹ́ríkà, rí i pé ìwọ̀n kékeré èròjà tetraethyl lead, tó ní òjé nínú, máa ń jẹ́ kí epo gba fífún sí i. Òjé máa ń ba ọpọlọ jẹ́, àwọn ènìyàn sì mọ̀ pé májèlé ni láti ayébáyé. Ní 1924, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pò ó ní New Jersey ya wèrè, márùn-ún nínú wọn kú. Wọ́n ṣì tà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí sàílẹ́ńsà mọ́tò fi ń tu òjé sójú pópó níbi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré, kí ẹ́ńjìnì lè fún afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i. Gúúsù Sàhárà jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí 2006 wọlé. Algeria ló kẹ́yìn gbogbo ayé, ní oṣù Keje ọdún 2021. Àwa tí a dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣáájú àkókò yẹn, a ti fa tiwa símú.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I better pass my neighbour yẹ fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí kì í ṣe ọmọ Otto. Ìrìn méjì ni tirẹ̀, irú èyí tí Joseph Day ṣe ní Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 1890. Kò ní fáàfù tó ń ṣí tó ń tì lórí. Ihò ló wà lára ògiri sìlíńdà, písítìnì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí wọn tí ó ń dí wọn bó ti ń kọjá. Gbogbo ìgbà tó bá sọ̀kalẹ̀ ló ń mówó wọlé. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti tún ṣe, kò wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé bí àdàlù tuntun ti ń wọlé ni èéfín àtijọ́ ń jáde, ihò méjèèjì ṣí sílẹ̀ pọ̀, nítorí náà apá kan epo tí ẹ rà á bá èéfín jáde láìjó rárá. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo náà ń jó pẹ̀lú rẹ̀, òun ni èéfín aláwọ̀ búlúù yẹn. Kí ènìyàn tan án fún tẹlifíṣọ̀n àti fáànù, ó yé mi. Kí ó tan án lóru mọ́jú nítorí fóònù kan tó fẹ́ gba iná, ìyẹn ló ń bí mi nínú, nítorí epo tó ń jó láti lè máa yí ara rẹ̀ lásán pọ̀ ju èyí tó wọ fóònù lọ fíìfíì.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ṣeré níbẹ̀. Níbi tí epo kò bá ti jó tán, kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì ló ń di. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á máa fọ́ ènìyàn, oorun á máa kùn ún, kò sì ní jí. Ìdílé tó ti bá a lọ lóru kan náà ní ilẹ̀ wa kò níye. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fèrèsé ṣíṣí. Ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Ní báyìí, gáàsì CNG, ìyẹn gáàsì àdáyébá tí a fún pọ̀ sínú sílíńdà, ló gbòde. Láti 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti túbọ̀ ń polówó rẹ̀ pé kí a yí mọ́tò bẹntiróòlù padà sí i, owó rẹ̀ sì dín sí ti epo. Ó dùn mọ́ mi nínú, torí orí gáàsì ni Lenoir àti Otto ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́téènì tó pọ̀ jù nínú CNG gba fífún ju bẹntiróòlù lọ dáadáa, ọ́kítéènì rẹ̀ lé ní 120. Ẹ́ńjìnì tí a bá dìídì ṣe fún un lè fún un ní ìlọ́po 12 tàbí 13 láìsí wàhálà. Àmọ́ mọ́tò tí a yí padà kì í ṣe irú rẹ̀. Ìlọ́po 9 tàbí 10 tí wọ́n fi ṣe é fún bẹntiróòlù ló ṣì wà nínú irin rẹ̀, sílíńdà gáàsì tó wà ní búùtù kò lè yí ìyẹn padà. Gáàsì náà tún ń gba àyè tí afẹ́fẹ́ ìbá gbà, èyí ló fà á tí àwọn awakọ̀ fi ń sọ pé mọ́tò kò já mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ tó bá dé òkè. Ó sì ń jó lọ́ra díẹ̀ ju bẹntiróòlù, nítorí náà ó yẹ kí púlọ́ọ̀gì túbọ̀ ta iná ṣáájú.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mẹkáníìkì wa, tí òun náà ti ń ṣe ìyípadà yìí, bóyá ó máa ń bá wọn sún táímìnì síwájú.

"Bọ̀dá, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a máa ń so mọ́ ọn fún un," ló wí. "Àmọ́ owó rẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ẹni mélòó ló fẹ́ san án?"